Níbi tí ọ̀wẹ̀ parí sí, tí agbàṣe ti bẹ̀rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹgbẹ́ olùlò Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń darí rẹ̀, la dá sílẹ̀ ní Àkúrẹ́. A tó ogójì. Ọ̀pọ̀ wa jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì FUTA, àwọn yòókù ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Alágbàká tàbí kí wọ́n máa tún kọ̀ǹpútà ṣe. Ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣooṣù, a máa ń gbé Linux sórí ẹ̀rọ àwọn ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́, a sì ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa lò ó. Ní báyìí, ilé-ìwé aládàáni kan fẹ́ sanwó kí a bá wọn ṣe ọgbọ̀n kọ̀ǹpútà. Àwọn méjì nínú wa tó ní ilé-iṣẹ́ fẹ́ gba iṣẹ́ náà lórúkọ ẹgbẹ́, kí ẹgbẹ́ sì mú ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀. Inú ń bí àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn, wọ́n ní àwọn ò ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ kí ẹlòmíì lè fi lówó. Ẹnìkan tó ń ta kọ̀ǹpútà ní ọ̀nà Ọba Adésidà tún fẹ́ máa san owó gbọ̀ngàn fún wa, ṣùgbọ́n ó ń béèrè nọ́ńbà fóònù gbogbo ẹni tó ń wá. Kí ni kí a ṣe? Akọ̀wé ẹgbẹ́ kan, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ o, akọ̀wé. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ dáhùn ní ṣókí, torí ilé-ìwé náà kò ní dúró dè yín títí. Kí ilé-iṣẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ tó bá máa ṣiṣẹ́ náà gbà á lórúkọ ara rẹ̀, kí orúkọ ẹgbẹ́ má sí nínú ìwé àdéhùn rárá. Kí ẹgbẹ́ má gba ìdá mẹ́wàá yẹn. Ẹ gba owó gbọ̀ngàn lọ́wọ́ oníṣòwò náà, ṣùgbọ́n ẹ má fún un ní nọ́ńbà ẹnikẹ́ni. Ní ti àwọn tí inú ń bí, wọ́n ti rí nǹkan kan tó yẹ kí gbogbo yín rí.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó ìpínlẹ̀ Oǹdó ti mọ nǹkan náà kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ẹni tó bá pe ọ̀wẹ̀ á se oúnjẹ, á gbé ẹmu kalẹ̀, kò sì sẹ́ni tí yóò béèrè pé èló ni. Ẹni tó bá gba alágbàṣe, wọ́n á ti dúnàádúrà kí àdá tó kan igbó. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì. Ìjà máa ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tí a bá pe ènìyàn sí ọ̀wẹ̀, tó ro oko láti àárọ̀, tó wá gbọ́ ní ìrọ̀lẹ́ pé ẹni tó pè é ti gbowó oko náà lọ́wọ́ ẹlòmíì. Ibẹ̀ gan-an ni ẹgbẹ́ yín dúró sí báyìí.

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ ní ìpàdé pé owó ò yẹ ní ìdí open source, ìyẹn sọ́fítíwíà tí kóòdù rẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Nígbà tí Richard Stallman kéde GNU ní 1983, iṣẹ́ láti kọ ètò kọ̀ǹpútà tó lómìnira, òmìnira olùlò ló ń jà fún: kó lè lo sọ́fítíwíà fún ohun tó bá wù ú, kó lè wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì pín in fún ẹlòmíì. Ìwé-àṣẹ GPL tí kernel Linux, ìyẹn ọkàn rẹ̀, wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní kí ẹnikẹ́ni má tà. Ìlànà tí Open Source Initiative, àjọ tó ń ṣọ́ ìtumọ̀ open source, fi lélẹ̀ láti 1998 sì sọ ọ́ gbangba pé ìwé-àṣẹ kò gbọdọ̀ ní kí oníṣòwò má lo sọ́fítíwíà. Ilé-iṣẹ́ Red Hat fi ìtọ́jú Linux ṣòwò títí IBM fi rà á ní 2019 ní bílíọ̀nù 34 dọ́là. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín méjì yẹn kò ṣẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ jẹun nídìí ohun tí wọ́n mọ̀. Wọn ò kàn gbọdọ̀ fi orúkọ tí ogójì ènìyàn kọ́ ṣe ìpolówó, kí wọ́n sì fi iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ogójì ènìyàn dín ìnáwó ara wọn kù.

Ìdí tí ẹgbẹ́ kò fi gbọdọ̀ tọwọ́ bọ̀wé nìyí. Bí ẹ kò bá tíì forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀, òfin kò mọ ẹgbẹ́ yín gẹ́gẹ́ bí ẹni tó lè dá àdéhùn. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ ni ilé-ìwé yóò dì mú bí àbájáde ìdánwò ọdún mẹ́ta bá pòórá lórí ẹ̀rọ, ì báà jẹ́ alága tí kò gba kọ́bọ̀. Bí ẹ bá sì ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí incorporated trustees (ẹgbẹ́ tí kì í wá èrè), òfin ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ Nàìjíríà, CAMA ti 2020, abala 838, ní kí gbogbo owó ẹgbẹ́ lọ sórí ohun tí a torí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. A kò gbọdọ̀ pín in fún ọmọ ẹgbẹ́ bí èrè, yálà ní gbangba tàbí lábẹ́ aṣọ. Òfin náà fàyè gba kí òṣìṣẹ́ gba owó iṣẹ́ tó ṣe ní tòótọ́, ṣùgbọ́n kò gbà kí ọmọ ìgbìmọ̀ alákòóso máa gba owó oṣù nínú ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso. Ẹ má sì gbàgbé owó orí: bí ẹgbẹ́ bá ṣòwò tó sì jèrè, pé ó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ kò ní kí èrè òwò náà bọ́ lọ́wọ́ owó orí.

Ìdá mẹ́wàá ńkọ́? Ó jọ oore lójú, òun ló sì ń ba ẹgbẹ́ jẹ́ jù. Lọ́jọ́ tí ẹgbẹ́ bá ti ń gba ìdá nínú iṣẹ́, ó ti di alárinà. Bí owó iṣẹ́ bá ṣe ga tó ni ti ẹgbẹ́ ṣe máa pọ̀ tó, ẹni tó bá sì wá béèrè ìmọ̀ràn ní Sátidé kò ní mọ̀ mọ́ bóyá òótọ́ lẹ ń sọ fún un tàbí ẹ ń wá iṣẹ́. Bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, orúkọ ẹgbẹ́ ló máa bàjẹ́, nígbà tí ìdá àádọ́rùn-ún wà lápò ẹlòmíì. Ohun tó sàn jù ni kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ilé-iṣẹ́ máa san iye kan náà lọ́dún, kó má ju ìlọ́po mẹ́ta owó ẹgbẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san, yálà wọ́n rí iṣẹ́ lọ́dún náà tàbí wọn ò rí.

Ó wá ku bí iṣẹ́ ilé-ìwé náà yóò ṣe dé ọwọ́ ẹni tó máa ṣe é. Àwòkọ́ṣe tó dára jù wà lọ́dọ̀ Debian, ẹgbẹ́ tó ń ṣe ọ̀kan nínú oríṣi Linux. Wọ́n ní ojú ìwé kan tí wọ́n kọ orúkọ àwọn tó ń gba iṣẹ́ Debian sí ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì sọ níbẹ̀ pé àwọn kò ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣe irú rẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́, irú iṣẹ́ tó ń ṣe, nọ́ńbà rẹ̀, ó tán. Ẹ tò wọ́n ní A, B, D. Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé tàbí tó jẹ́ alága kò gbọdọ̀ wà lókè nítorí ìyẹn. Ẹ fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé-ìwé, kí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ pe ẹni tó wù ú. Kó tó tó bẹ́ẹ̀, ẹ kéde iṣẹ́ náà fún gbogbo ẹgbẹ́ kí ẹ sì fún wọn ní ọjọ́ méje, kí akẹ́kọ̀ọ́ tó ti forúkọ òwò rẹ̀ sílẹ̀ ní CAC náà lè kọ orúkọ tirẹ̀ sí i. Ọjọ́ méje yìí nìkan yóò mú ìdajì ìbínú náà kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ṣiṣẹ́ náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú kéré ọgbọ̀n ẹ̀rọ. Ẹ lọ wo wọn kí ẹ tó dá iye. Linux Mint, oríṣi Linux kan, fẹ́ RAM (ìrántí ẹ̀rọ) 2 GB ó kéré tán, ara rẹ̀ máa ń balẹ̀ ní 4 GB. Dískì 20 GB ló kéré jù, 100 GB ló dára. Ẹ béèrè sọ́fítíwíà tí wọ́n ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Níbí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ilé-ìwé ti ń dàrú: sọ́fítíwíà ìdánrawò JAMB tí wọ́n rà lórí fláàṣì sábà máa ń jẹ́ ti Windows nìkan, bọ́sà náà sì lè ní ètò owó ilé-ìwé tó jẹ́ ti Windows. Ẹ fi ẹ̀rọ méjì tàbí mẹ́ta sílẹ̀ bí wọ́n ṣe wà fún irú èyí, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú àdéhùn. Ẹ fi Linux tó wà lórí fláàṣì tan ẹ̀rọ, kí ẹ fi dán ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọn wò kí ẹ tó gbé ohunkóhun sórí dískì.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo fáìlì sórí dískì ìta, kí ẹnìkan ní ilé-ìwé ṣí i, kó rí i pé ó ṣí, kó sì tọwọ́ bọ̀wé. Bí ẹ̀rọ bá ní BitLocker, ohun tí Windows fi ń ti dískì pa, ẹ gba kọ́kọ́rọ́ onínọ́ńbà 48 rẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan Secure Boot, ètò ààbò tó ń yẹ ohun tí ẹ̀rọ fi ń tan wò. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, Windows á béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ yín, fáìlì inú rẹ̀ á sì di ohun tí a ò lè dé mọ́. Ẹ má gbé Linux sórí ẹ̀rọ ọgbọ̀n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣe ẹyọ kan pé pérépéré, kí ẹ fi sọ́fítíwíà Clonezilla ṣe ẹ̀dà dískì rẹ̀ lódindi, kí ẹ wá dà á sórí àwọn yòókù nípasẹ̀ wáyà àti switch (àpótí tó ń so wáyà ẹ̀rọ pọ̀), kì í ṣe Wi-Fi. Lẹ́yìn náà, ẹ pààrọ̀ orúkọ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan àti machine-id rẹ̀ (nọ́ńbà tí Linux fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀), torí ẹ̀rọ méjì tó bá ń jẹ́ ohun kan náà lè máa da ara wọn láàmú lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ẹ tan jẹnẹrétọ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kódà bí iná bá wà. Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ ń pín dískì, ẹ̀rọ náà lè má tan mọ́.

Nínú ìwé tí ẹ fi béèrè owó, ẹ má kọ "owó Linux" tàbí "owó LibreOffice", sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún iṣẹ́ ọ́fíìsì. Ẹ kọ iṣẹ́ tí ẹ ṣe: àyẹ̀wò, ẹ̀dà fáìlì, gbígbé e sórí ẹ̀rọ, kíkọ́ àwọn olùkọ́, ìtọ́jú oṣù mẹ́ta. Bí ilé-ìwé bá gbọ́ lẹ́yìn oṣù kan pé àwọn ọmọ yìí kan náà ń fún ènìyàn ní Linux lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sátidé, ìwé yẹn ni yóò gbà yín. Bí ẹ bá sì tún sọ́fítíwíà GPL kan ṣe fún wọn, kóòdù rẹ̀ tọ́ sí wọn.

Gbogbo ẹni tó bá bá ilé-iṣẹ́ náà lọ ṣiṣẹ́ ní ilé-ìwé gbọ́dọ̀ gbowó. Lórí èyí, mi ò gba àwíjàre kankan. A kì í pe akẹ́kọ̀ọ́ pé kó wá kọ́ṣẹ́ níbi tí a ti ń gbowó lórí rẹ̀. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá fẹ́ gba akẹ́kọ̀ọ́ SIWES, ètò tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, kó gbà á bí ìlànà SIWES ṣe wí, láàárín ilé-iṣẹ́ àti yunifásítì. Kò kan ẹgbẹ́.

Ẹ tún ní láti la ààlà sí Sátidé yín. Láti 14 October 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ ìtọ́jú Windows 10 dúró, àwọn tó ń gbé ẹ̀rọ àtijọ́ wá á máa pọ̀ sí i, wọn ò sì ní jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Ẹnìkan á gbé méjì wá, òmíràn á gbé mẹ́jọ láti ọ́fíìsì rẹ̀. Ààlà tí mo mọ̀ pé ó máa ń dúró nìyí: ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ, ọ̀fẹ́ ni, ẹni tó bá fẹ́ kí a bá òun ṣe é, kó lọ wo ìwé àwọn tó ń gbowó. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ wá gbọ́dọ̀ jókòó tì í, ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò tẹ bọ́tìnì, ọmọ ẹgbẹ́ á kàn máa júwe fún un. Ẹ̀rọ kan fún ẹnìkan, ẹ̀rọ ara rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e sílẹ̀ kó wá gbà á ní ìrọ̀lẹ́ kò wá fún ẹ̀kọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ò ní gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ẹgbẹ́ tó ń fi iṣẹ́ náà jẹun, ẹ ò sì ní yí ẹni tó fẹ́ mọ̀ ọ́n padà.

Owó ọkọ̀ kì í ṣe owó iṣẹ́. Ẹni tó bá ti FUTA wọ ọkọ̀ wá kọ́ àwọn ènìyàn ní àárín ìlú, ẹ dá iye tó ná padà fún un, kí akápò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn kì í sábà fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọn ò gba owó iṣẹ́. Wọ́n máa ń lọ nígbà tí ọ̀wẹ̀ bá ti ń jẹ owó tí wọ́n fẹ́ fi jẹun.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí oníṣòwò ọ̀nà Ọba Adésidà. Owó rẹ̀ dára. Ẹ so ó mọ́ ohun kan pàtó: gbọ̀ngàn, epo jẹnẹrétọ̀, dátà, tàbí fláàṣì 8 GB mẹ́wàá. Kó gba orúkọ lórí báńà àti ìṣẹ́jú márùn-ún láti sọ ohun tó ń tà, kí alága sì sọ ṣáájú pé ẹni tó ń bá wa sanwó ló ń sọ̀rọ̀ yìí. Nọ́ńbà fóònù kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ènìyàn kọ nọ́ńbà wọn sílẹ̀ kí ẹ lè pè wọ́n sí ìpàdé. Bí ẹ bá fi lé ọlọ́jà lọ́wọ́ láìgba àṣẹ wọn, ẹ ti ṣẹ̀ sí òfin ààbò ìsọfúnni Nàìjíríà ti 2023. Kó gbé fọ́ọ̀mù tirẹ̀ sórí tábìlì. Ẹni tó bá wù á kọ orúkọ síbẹ̀. Bí ó bá kọ̀ tó sì mú owó rẹ̀ lọ, ẹ jẹ́ kó lọ, ẹ wá kíláàsì kan tí ẹ lè lò lọ́fẹ̀ẹ́. Ní tèmi, kí ẹnìkan ṣoṣo má san ju ìdá kan nínú mẹ́ta ìnáwó ẹgbẹ́ lọ́dún, torí ọjọ́ tí òun nìkan bá ń gbé ẹgbẹ́ ró, òun ni yóò máa yan ohun tí ẹ ń kọ́ ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ kò béèrè, ó sì lágbára ju ti ilé-ìwé lọ. Ta ló ni orúkọ ẹgbẹ́ yín? Ta ló san owó domain (orúkọ ojúlé ẹgbẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì), fóònù ta ni WhatsApp ẹgbẹ́ dúró lé? Koha, sọ́fítíwíà ilé-ìkàwé tí ọ̀pọ̀ yunifásítì wa ń lò, New Zealand ni wọ́n ti ṣe é, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó ní ilé-ìkàwé ní 2000. Ẹ̀bùn ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Māori. Síbẹ̀, koha.org bọ́ sọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ kan tó ń fi Koha ṣòwò, nígbà tí ọ̀rọ̀ ò sì wọ̀ mọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ Koha kó lọ sí koha-community.org, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí di òní. Kóòdù kò sọnù, torí ìwé-àṣẹ dáàbò bò ó. Orúkọ ni kò sẹ́ni tó dáàbò bò ní àsìkò. Ẹ kọ domain, ímeèlì àti ojú ewé ẹgbẹ́ sí orúkọ ènìyàn méjì ó kéré tán, kí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tí kì í ṣòwò kọ̀ǹpútà. Kí ọmọ ẹgbẹ́ kankan má sì fi "Ubuntu" tàbí "Linux" sínú orúkọ ilé-iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú kó tó ka ìlànà àwọn tó ni orúkọ náà: Canonical ló ni Ubuntu, Linus Torvalds ló ni Linux.

Bí ẹ bá ti jọ kọ ìwé ẹ̀kọ́ tí ẹ fi ń kọ́ àwọn ènìyàn, ó nílò ìwé-àṣẹ. Ẹ lo CC BY-SA 4.0, ọ̀kan nínú àwọn ìwé-àṣẹ Creative Commons. Àwọn kan á fẹ́ èyí tó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ṣòwò, ṣùgbọ́n ìyẹn á dí akẹ́kọ̀ọ́ yín náà lọ́wọ́ bó bá rí iṣẹ́ olùkọ́ ọ̀sán kan. BY-SA yóò jẹ́ kí oníṣòwò lò ó, kó dárúkọ ẹgbẹ́, kí àtúnṣe rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ fún gbogbo yín bó bá ti pín in.

Ní ti ìgbìmọ̀, ẹ má jẹ́ kí àwọn tó ní ilé-iṣẹ́ tó ìdajì, kí akápò má sí lára wọn. Bí ọ̀rọ̀ tó kan owó ẹnìkan bá délẹ̀, kó sọ ọ́, kó jáde síta títí wọn á fi dìbò. Ènìyàn méjì ni kó máa tọwọ́ bọ̀wé bánkì, kí a sì ka owó síta ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ìforúkọsílẹ̀ ní CAC kò pọn dandan fún ogójì ènìyàn tó ń dáwó epo. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe é, ẹ mọ̀ pé ẹ ó kéde nínú ìwé ìròyìn méjì, ẹ ó dúró ọjọ́ 28 bóyá ẹnìkan á ta kò ó, bánkì á béèrè ìwé SCUML, ẹ̀ka ìjọba tó ń gbógun ti sísọ owó àìmọ́ di mímọ́, ẹ ó sì máa fi ìròyìn ọdọọdún ránṣẹ́ láàárín 30 June sí 31 December. Bí kò bá sí ẹni tó máa ṣe ìyẹn lọ́dọọdún, ẹ dúró ná.

Bí ọjọ́ méje yẹn bá ti pé, kí ẹ tó pe ìpàdé, ẹ kọ̀wé sí ilé-ìwé. Ẹ lè kọ báyìí: "A dúpẹ́ pé ẹ rántí wa. Ẹgbẹ́ wa kì í gba iṣẹ́ olówó. Ẹ̀kọ́ là ń ṣe. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ilé-iṣẹ́ nìyí, a tò wọ́n ní A, B, D, a kò sì ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ gba iye lọ́wọ́ ó kéré tán méjì, kí ẹ béèrè bí wọ́n ṣe máa tọ́jú fáìlì yín. Àwọn olùkọ́ yín lè wá bá wa lọ́fẹ̀ẹ́ ní Sátidé àkọ́kọ́ oṣù tó ń bọ̀, kí kálukú gbé ẹ̀rọ rẹ̀ dání."